Mọ́tò Búrẹ́dì

Mọ́tò búrẹ́dì ni kó tó di ilé wa.
Títí dòní, bí oòrùn ọ̀sán bá mú páànù rẹ̀,
òórùn ìyẹ̀fun á tún yọ láti ibi tí a ò mọ̀,
ebi á sì dédé máa pa èmi àti bàbá Ìbídùn
bí ọmọ iléèwé.

Ọdún tí rélùwéè fún un níwèé ìfẹ̀yìntì ní Èbúté-Mẹ́ta,
ó ta àga pálọ̀, ó ta tẹlifíṣọ̀n,
ó ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó nígbà ọyẹ́.
Ó kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó kan pẹpẹ fún sítóòfù,
ó so Bíbélì mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé
kó má baà fò ní kòtò.
Mo bi í pé, "Níbo là ń lọ?"
Ó ní, "Ibikíbi tí òrùlé ìjọ bá ti ń jò."
Mo rò pé àwàdà ni.

Ìbídùn pè láti Ìlọrin:
"Ẹ̀yin àgbà méjì! Nínú mọ́tò! Kí làwọn èèyàn á wí?"
Wọ́n á wí, á rẹ̀ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a ti gúnlẹ̀ sí Ìwàyà,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó kọjú sí ọ̀sà,
níbi tí èéfín ẹja ti ń jí wa láàárọ̀.
Iléèwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni a wá bò.
Ìjì ọdún tó kọjá ti ká òrùlé rẹ̀ lọ
bí ẹni ká ẹní.
Rẹ̀mílẹ́kún, púlọ́ńbà, ń ti Ṣómólú wá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.
Sẹ́nàmi fi ọkọ̀ ojú omi kó pákó láti Oko Bàbá,
ó ń fi Ègùn kọrin, ó ń fi Yorùbá bú afẹ́fẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń gbowó. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ń po sìmẹ́ńtì,
ṣòkòtò rẹ̀ ti ya lórúnkún.

Ohun tí n kò tíì sọ fún Ìbídùn nìyí:
ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n.
Ọwọ́ tó kan ìjókòó ọkọ̀ ojú irin fún ọgbọ̀n ọdún!
Ọjọ́ kìíní tó gun àkàbà,
òòlù lu àtàǹpàkò, kò lu ìṣó.
Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wí nǹkan kan,
ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù,
ó ń lu àwọn ìṣó tó ti wọ́ kí wọ́n lè gún padà,
lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́.
Mo wo àkàbà. Àkàbà wò mí.
Mo so ìró mi le, mo gòkè.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí,
mi ò kan ìṣó rí láyé mi.
Ó ń pè láti ìsàlẹ̀: "Má fi ìbínú lù ú!
Ìṣó kì í ṣe ọkọ rẹ!"
Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi mì.

Lálẹ́ Fráídé tí a kan páànù tó kẹ́yìn,
òjò dé, òjò Èkó tí kì í kanlẹ̀kùn.
Mo tẹ́tí sí iléèwé náà nínú òkùnkùn:
ariwo lókè, ìsàlẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Kò jò.
Àfi bí omi tútù kan ṣe kán sí mi níwájú orí,
òmíràn kán sórí Bíbélì,
òmíràn sínú bàtà bàbá Ìbídùn.
A bo ilé ọlọ́mọ tán, tiwa ló ń jò.
Ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ síbẹ̀,
ó ní, "Iṣẹ́ tó kàn nìyí, káfíńtà."
Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Àlùfáà fẹ́ kọ orúkọ wa sára ògiri.
A ti lọ kó tó jí.
Wọ́n ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bàrígà ò ṣeé tì mọ́.
Ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí ìjókòó iwájú,
Sẹ́nàmi ti gbé ẹja gbígbẹ sí i nínú ìwé ìròyìn;
òórùn rẹ̀ ti ń bá ti búrẹ́dì jà.
Ìṣó mẹ́ta ń dún nínú àpò mi.